Obìnrin Inú Pósítà Ìtòrì

Iṣẹ́ Ọláògún ni kó yọ ènìyàn kúrò níbi tó wà, kó gbé e síbi tí kò dé rí. Bí o kò bá ní kẹ̀kẹ́ pàápàá, tí o sì fẹ́ dúró ti Bẹ́ǹsì, ìwọ ṣáà wá sí sítúdíò rẹ̀ ní Òkè-Ìléwó, kí o jókòó, kí o rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, wàá bá ara rẹ nínú fọ́tò, o fọwọ́ lé orí mọ́tò bí ẹni pé ìwọ lo rà á. Bíléèdì ìfárí kan, gọ́ọ̀mù, àti búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò pọ̀ tó irun imú: ohun èlò rẹ̀ nìyẹn. Yóò fi bíléèdì gé ọ yí ká etí, yóò lẹ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, yóò fi yíǹkì dúdú pa ojú ibi tó ti lẹ̀ ọ́ rẹ́, yóò sì tún gbogbo rẹ̀ yà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú tó bá rí àlẹ̀mọ́ níbẹ̀, ojú ẹni tó bí ọ nìkan ni.

Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ti gbé ìyá arúgbó tó wà ní Ọ̀fàdà dúró ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti sọ ìbejì tó ṣẹ́ ku ẹyọ kan di méjì lórí àga kan ṣoṣo, kí ojú ìyá wọn lè gbẹ. Àwọn ènìyàn a máa dúpẹ́, wọn a máa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu ránṣẹ́ sí i. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni bá ń dùn mọ́ aráyé nínú tó báyìí, kì í pẹ́ tí èèyàn fi ń gbàgbé pé bíléèdì ló wà lọ́wọ́ òun.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1981, Sàlàhúdíìnì, akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò ń pa ènìyàn ní ìpakúpa lójú ọ̀nà Èkó nígbà náà, ẹgbẹ́ sì fẹ́ pósítà tí wọn yóò lẹ̀ káàkiri láti Abẹ́òkúta dé Ìtòrì, kí àwọn awakọ̀ lè máa rí i, kí wọ́n sì máa rọra sáré. Ọláògún ti lọ ya Píjò kan tó wọ abẹ́ agbégilódò nítòsí Ìtòrì. Òrùlé rẹ̀ ti ká wálẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn là sílẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì tú ká sílẹ̀ bí iyọ̀.

Sàlàhúdíìnì gbé fọ́tò náà sókè, ó wò ó títí.

"Ọ̀gá fọ́tò, ó dáa. Àmọ́ kò bani lẹ́rù. Àwọn awakọ̀ wa ti rí irin tó ká jọ rí. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní táyà ló bẹ́, wọ́n á máa sáré wọn lọ. Ènìyàn ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀. Obìnrin, ìyá ọlọ́mọ."

"Wọ́n ti kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ kí n tó débẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?" Sàlàhúdíìnì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mi jókòó sínú ọkọ̀ òfurufú lọ́dún Iléyá?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọláògún lára. Ẹ yin ológe, ẹ sọ pé kó jó lórí ẹ̀gún, yóò jó. Nígbà tí Sàlàhúdíìnì lọ, ó kó àwọn àpótí tó ń tọ́jú fọ́tò oníbàárà sí wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá obìnrin. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú Bẹ́ǹsì, ìyá rẹ̀ á súre fún ọ. Gbé e sínú mọ́tò tó run, gbogbo agboolé wọn á wá fi igi wó ṣọ́ọ̀bù rẹ lulẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kò ní bá a jà, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe rò ó.

Ẹni náà ni Yéwándé ìyàwó rẹ̀. Aláró ni Yéwándé, ọmọ aláró, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, kí aró má bàa mú ibẹ̀, kó tó rì í sínú ìkòkò aró. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó sùn lọ lórí ẹní lẹ́yìn ilé wọn ní Kémta, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nà gbọọrọ. Ọláògún fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó yà á bẹ́ẹ̀. Fọ́tò yẹn ló mú jáde. Ó fi bíléèdì yọ aya rẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó gbé e jókòó sẹ́yìn Píjò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó là sílẹ̀, ó jẹ́ kí ọwọ́ tó nà náà yọ síta. Ó fi yíǹkì ya ẹ̀jẹ̀ láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ojú yẹn mọ́. Ó ń súfèé bó ti ń ṣe é. Ìgbà tó parí, ó gbé e jìnnà sójú, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn nínú.

Bàbá rẹ̀ tó ti kú ì bá ti gbá a létí. A kì í fi alààyè díwọ̀n pósí.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún ronú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán: RỌRA SÁRÉ. ILÉ Ń RETÍ RẸ. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé sì kó pósítà náà dé, ó bu ẹ̀kọ láfún tí Yéwándé fi álọ́ọ̀mù sè, ìlàjì garawa, ó fún Sàlàhúdíìnì. Ó ní èyí ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, pé òjò kì í ká a. Kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó rẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé ó fẹ́ fi pamọ́ fún un. Kò kà á sí ọ̀rọ̀ ni.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. Òwúrọ̀ yẹn kan náà, kí wọ́n tó lẹ ẹyọ kan, Yéwándé ti ru ìdì aṣọ rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá a rajà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Ó ní aago méjì ni òun yóò ti délé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè kó tó sọ ọ́, nítorí ìkòkò aró rẹ̀ kan ti pọ́n, ọ̀sán ọjọ́ náà ló sì yẹ kó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Aró tó bá pọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọdún mọ́kànlá tí Ọláògún ti fẹ́ ẹ, Yéwándé kò jẹ́ kí aró kan bà jẹ́ rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, Ọláògún jáde láti jẹun, ó sì rí pósítà náà lára ògiri báńkì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ti sọ ọ́ di ńlá. Ó rìn sún mọ́ ọn kó lè gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sórí aṣọ.

Ó ti pa ojú obìnrin náà rẹ́. Kò ro ti aṣọ.

Aṣọ tí Yéwándé wọ̀ lọ́jọ́ tó sùn lórí ẹní, òun fúnra rẹ̀ ló ya ọnà ara rẹ̀: adìyẹ kan tó dúró lórí agboòrùn, àwọn òròmọ adìyẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣe. Ìgbà tó bí Ẹ̀bùn ọmọ wọn ló ṣe é, kò tà á, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀. Kò sí aláró kan ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú tí kò mọ̀ ọ́n. Ojú ni ọkùnrin fi ń dá ènìyàn mọ̀. Àwọn obìnrin Ìtòkú, bí wọ́n bá rí etí aṣọ rẹ láti òdìkejì títì, wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Adìyẹ náà sì nìyí lára ògiri báńkì, tó hàn gedegbe, nínú mọ́tò tó run.

Ẹ̀rù bà á. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rù ìjà ni, pé Yéwándé yóò bínú, ìyá rẹ̀ yóò sì bínú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ọwọ́ tó yọ síta láti ẹnu ilẹ̀kùn náà, ó rántí pé ojú ọ̀nà yìí gan-an ni obìnrin náà wà nísinsìnyí, nínú mọ́tò. Ẹ̀rù mìíràn wá wọ inú rẹ̀, kò sì mọ orúkọ tí yóò fi pè é. Kò lè jẹun mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kọrí sí ilé.

Kò tíì dé ojú ilé tó fi gbọ́ ẹkún.

Ẹkún àwọn obìnrin ni, ẹkún òkú, ó sì ń ti ẹ̀yìn ilé tirẹ̀ wá. Ó di ògiri mú, ó ń fi ara nù ún lọ títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aláró bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Àsíátù, ẹnì kejì Yéwándé nídìí aró, ti ja gèlè sílẹ̀, ó ń yí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí wọ́n fi ọpọ́n dé. Bùsírátù, ìyá Yéwándé, jókòó sórí àpótí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sunkún.

"Bàbá Ẹ̀bùn, a ti rí i o," ni Àsíátù wí. "Ọ̀rẹ́ mi ti lọ. Aṣọ rẹ̀ ni. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ló wọ̀ lọ sọ́run."

Ọláògún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nǹkan tó wá sí i lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: èmi ni mo fi í sínú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ síta, ìbéèrè ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Lára ògiri gáréèjì. Ìjọba ti yà á sínú ìwé, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri."

Bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí ló rí. Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin náà sì wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀, lórí ìdúró àti ìkúnlẹ̀: fọ́tò orí ẹní, bíléèdì, ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ yíǹkì. Ó ní kò sí òkú kankan, iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Àsíátù dìde nílẹ̀. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó wo Ọláògún láti òkè délẹ̀, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Bùsírátù kò gbé ojú sókè láti ìdí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Nítorí náà, ọmọ mi kò kú."

"Kò kú, Ìyá. Ẹ má bínú sí mi."

"Ó dáa. Ibo ló wà?"

Gbogbo wọn wo ìkòkò aró. Aago méjì ti kọjá dáadáa.

Ìyá arúgbó náà dìde, ó ṣí ọpọ́n orí ìkòkò, ó ti ìka bọ aró náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì dé e padà. "Ó ti ń kọjá àkókò rẹ̀," ló wí. "Ọmọ mi mọ̀ pé ó ti ń kọjá àkókò rẹ̀." Ó wá wo ọkọ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọláògún, lọ wá a wá. Bó o bá sì dé ibi tó wà, tó o bá a bó o ṣe yà á, má ṣe padà sọ́dọ̀ mi."

Ó sáré dé gáréèjì. Sàlàhúdíìnì ní òun kò gbọ́ ìròyìn jàǹbá kankan, ṣùgbọ́n ìròyìn jàǹbá kì í fẹsẹ̀ rìn, mọ́tò tó bá ń bọ̀ ló ń gbé e wá. Ọláògún wọ Píjò tó ń lọ sí Èkó. Kò rí i tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ibi tí ògiri wà lójú ọ̀nà náà ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ilé epo, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀ oníṣu: adìyẹ lórí agboòrùn, ọwọ́ tó yọ síta. Ilé ń retí rẹ. Ó ní kí awakọ̀ rọra sáré. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún ní kó tẹ̀ ẹ́ sí i. Awakọ̀ náà ní, "Bàbá, ẹ mú ọ̀kan." Bí wọ́n bá ti rí irin tó ti dípẹtà nínú igbó, Ọláògún á dìde lórí ìjókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ Olúwa àwọn ará ilé tirẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run ìyá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn bínú.

Ní Ìtòrì, níbi tí mọ́tò ti ń já èrò, obìnrin kan jókòó sórí ìdì aṣọ, ó kọjú sí ògiri.

Òun ni. Ọláògún fò sílẹ̀ kí mọ́tò tó dúró tán. Yéwándé kò wo ẹ̀yìn. Pósítà ló ń wò.

"Yéwándé."

"Bàbá Ẹ̀bùn," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, "ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ."

"Ẹ fọwọ́ kàn mí."

Ó fọwọ́ kàn án léjìká. Ara rẹ̀ gbóná nínú oòrùn, àmọ́ ó ń gbọ̀n láti inú wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbójú kúrò lára ògiri. Ó ní aago kan ọ̀sán ni mọ́tò àwọn dúró níbẹ̀, òun sì sọ̀ kalẹ̀ ra ọsàn. Ó ní òun gbójú sókè, òun rí òkú òun.

"Aṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí mi nílé. Ẹyọ kan ni mo ṣe. Mo ní àṣé ìgbà tí à ń lọ láàárọ̀ ni mo ti kú. Mo ní àkúdàáyà mi ló dé Èkó tó ń tajà. Mo bi ìyá ọlọ́sàn pé ṣé ó ń rí mi, ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ rajà kó yẹ̀ lójú ọjà òun." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ padà wọ mọ́tò, mi ò lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó bá kú tí wọn ò mọ̀, wọ́n ní tí wọ́n bá délé tí wọ́n bá àwọn ènìyàn wọn níbi tí wọ́n ti ń sunkún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pòórá. Mo ní bí mo bá délé ńkọ́, tí mo bá ìyá mi níbi tó ti ń sunkún?"

Ọláògún rántí Àsíátù tó ń yí nílẹ̀. Kò lè sọ fún un.

"Ta ló ṣe é?" ni Yéwándé bi í.

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tó ní fọ́tò yẹn. Ọláògún kúnlẹ̀ sínú eruku, kò bìkítà fún àwọn èrò tó ń wò wọ́n.

"Èmi ni. Akọ̀wé ló ní kí n fi ènìyàn sí i. Mo ní bó bá jẹ́ ìwọ ni, kò ní dìjà."

"Ẹ̀yin lẹ ya ẹ̀jẹ̀ sí mi lójú?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ yín ò gbọ̀n?"

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣètò. Ó ṣí ẹnu láti pa á, ó sì rántí pé òun ń súfèé.

"Kò gbọ̀n," ló wí.

Ọláògún dìde, ó fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í họ pósítà náà. Kò ká. Ẹ̀kọ láfún ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, oòrùn sì ti gbẹ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá ọlọ́sàn, ó rẹ ẹ́, ó tún ń họ ọ́. Òrùlé mọ́tò kúrò ní wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó yọ síta. Nígbà tó kan ojú tó kún fún yíǹkì, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìka rẹ̀ kò sì bá ibi tó ń fi wọ́n sí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ gidi ti ń jáde lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ibẹ̀ kù," ni Yéwándé wí lẹ́yìn rẹ̀.

Adìyẹ orí agboòrùn ló kù. Ọláògún gbé ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà kọ̀. Yéwándé dìde lórí ìdì aṣọ rẹ̀, ó wá di ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo bí ìka márààrún ti ń jó. Ó wò ó pẹ́.

"Ó ń gbọ̀n báyìí," ló wí.

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi èékánná tirẹ̀ ká adìyẹ náà kúrò lára ògiri lódidi, gẹ́gẹ́ bó ti ń ha ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ó sì tì í bọ inú ìdì aṣọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Aró mi ti ń bà jẹ́."

Píjò kan dé tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ààyè méjì ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Yéwándé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, ó wo ìjókòó tó wà létí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún kọ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọláògún ní kó kọ́kọ́ wọlé, kó sún sí àárín. Lẹ́yìn náà ló jókòó síbi tó gbé e sí nínú pósítà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì di ilẹ̀kùn náà mú láti ibẹ̀ títí wọ́n fi délé.